Ẹni Tó Tan Àbẹ́là Ṣáájú Ọjọ́

Bí a bá ní ká sọ bí Ilésanmí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìyàwó tí kò tíì fẹ́, orí páálí ìṣáná kan la ó ti bẹ̀rẹ̀. Páálí ìṣáná náà wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ìdímù, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá. Kò sẹ́ni tó ní kí Ilésanmí fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ń wá ojúrere bàbá ìyàwó, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́.

Olútóyìn ló pè é wá sí ìsìn ọjọ́ náà. Olùkọ́ ìṣirò ni Olútóyìn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ní ilé-ìwé kan nítòsí Gowon Estate. Oṣù méje sẹ́yìn ni Ilésanmí wá gbé sólà sórí òrùlé ilé-ìwé náà. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó tọrọ omi mímu lọ́wọ́ Olútóyìn, ó mu ún tán, ó ní òun á padà wá lọ́la láti yẹ bátìrì wò. Ó wá lọ́la, ó wá lọ́túnla, kò sì yéé wá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Olútóyìn bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe bátìrì yìí gan-an?"

Ilésanmí ní, "Kò sóhun tó ń ṣe bátìrì o. Èmi ni nǹkan ń ṣe."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku bàbá ọmọ.

Bàbá Ọláyíwọlá, bàbá Olútóyìn, ni wọ́dìn ìjọ náà. Ará Èkìtì ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. A máa pa òwe sùúrù mẹ́ta kí ó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀. Nínú gbogbo ọdún, kò sí ìgbà tó fẹ́ràn tó Àdífẹ́ǹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìjọ fi ń retí bíbọ̀ Olúwa kí Kérésì tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yí ewé tútù ká bí òṣùká, tí yóò to àbẹ́là mẹ́rin sí i lára, mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò àti ẹyọ kan píǹkì, tí yóò sì ri ìkarùn-ún, èyí tó funfun, mọ́ àárín. Ẹyọ kan ni wọ́n ń tàn lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, méjì lọ́jọ́ Àìkú kejì, títí yóò fi pé mẹ́rin. Ti funfun, ó di àárọ̀ Kérésì. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nínú ìjọ yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilésanmí ni kò mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Dopemu, wọn kì í ṣe Àdífẹ́ǹtì. Tí oṣù kejìlá bá ti fẹ́ yọjú báyìí, orin Kérésì ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti dé kí ìdajì ìjọ tó wẹ̀, ó sì jókòó sọ́wọ́ iwájú. Bàbá Ọláyíwọlá tan àbẹ́là kan, ó wọlé lọ bá àwọn alùfáà níbi tí wọ́n ti ń múra. Ilésanmí wo iwájú, ó rí àbẹ́là márùn-ún, ọ̀kan péré ló ń tàn. Ó gbójú sókè, ó rí fáànù tó ń yí. Ó ro ó bí oníná ṣe ń ro nǹkan, ó ní áà, fáànù yìí ló pa ìyókù. Ó dìde, ó ṣáná, ó tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù, títí kan èyí tó funfun láàárín. Ó padà lọ jókòó, inú rẹ̀ dùn, ó gbà pé òun ti ṣe ohun tí àna á fi mọ òun sí rere.

Nígbà tí àwọn akọrin tò wọlé, orin ìrètí wà lẹ́nu wọn, Kérésì sì ti gúnlẹ̀ síwájú wọn. Ohùn Àǹtí Tòún, àbúrò ìyá Olútóyìn, tó ń kọ áátò, já lójú ọ̀nà. Alùfáà wúkọ́ sínú ọwọ́. Bàbá Ọláyíwọlá dúró gbagidi tòun ti ọ̀pá wọ́dìn rẹ̀.

"Ta ló tan àwọn àbẹ́là yìí?"

Ilésanmí dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni, sà. Fáànù ló pa wọ́n, mo wá bá yín tàn wọ́n padà."

Bàbá gbójú sókè wo fáànù. Ó tún gbójú wálẹ̀ wo Ilésanmí. "Fáànù yìí ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Kò pa àbẹ́là kankan rí."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára. Olútóyìn fa gèlè rẹ̀ sílẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ká ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà lè lanu, ì bá bá a wọlé lọ.

Nílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Bàbá jẹ iyán rẹ̀ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ọmọkùnrin tó o ní ó ń bọ̀ wá rí mi, òun nìyẹn àbí?"

"Òun ni, sà."

"Ó tan Kérésì lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Kò mọ̀ ni, sà. Ó fẹ́ ṣèrànwọ́ ni."

"Gideon náà fẹ́ ṣèrànwọ́."

Orúkọ yẹn, ó pẹ́ tí wọ́n ti dá a kẹ́yìn nínú ilé náà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Gideon àti Olútóyìn ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó kí àìsàn tó dá ìyá Olútóyìn dùbúlẹ̀. Bàbá bẹ Gideon pé kó jẹ́ kí wọ́n sún un di ọdún kan, kí Olútóyìn lè tọ́jú ìyá rẹ̀. Gideon ní ọdún kan kọ́, òun á dúró ọdún mẹ́wàá. Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ dé, orúkọ ọmọbìnrin mìíràn ló wà lára rẹ̀. Ìyá Olútóyìn wà láyé láti kà á. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá Ọláyíwọlá ń wò lára ọkùnrin: ṣé ó lè dúró? Ká sòótọ́, ohun tí Olútóyìn náà ń wò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ fẹnu sọ ọ́.

Bàbá fọwọ́ tán, ó ní, "Mi ò ní kó má wá. Kó dúró ni mo sọ. Kó máa wá jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú mẹ́ta tó kù. Kó jókòó, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ò sì gbọdọ̀ ríra níta ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di ọjọ́ kejì Kérésì, kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá kí mi."

Àǹtí Tòún, tó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìkòtún, ni alárinà. Òun ló wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dopemu lọ jíṣẹ́. Bàbá ò dárúkọ fóònù, àwọn náà ò sì rán an létí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ilésanmí pe Olútóyìn.

"Àǹtí ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ kejì Kérésì."

"Ilésanmí, ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n Ilésanmí, Olúwadọ̀tun, ló tọ́ ọ láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú. Ọdún mẹ́jọ ló ti wà ní Kánádà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń padà lọ lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá. Torí kó lè wá tọrọ ìyàwó fún àbúrò rẹ̀ ló ṣe gba ìsinmi.

Olútóyìn ní, "Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún Dádì. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gbà."

"Má sọ fún wọn jàre."

"Kí ló dé?"

"Mo ti kánjú lójú wọn lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tún ní kí wọ́n yẹ ọjọ́ nítorí tèmi, kí ni wọ́n máa pè mí?" Ó yí ọ̀rọ̀ padà. "Wá ṣàlàyé fún mi ṣá. Kí lẹ̀ ń dúró dè gan-an ní Àdífẹ́ǹtì yìí? Ṣebí Jésù ti wá tipẹ́."

Olútóyìn rẹ́rìn-ín. "Ó ti wá, ó tún ń bọ̀. Àárín méjèèjì la wà. Tó o bá ń retí àlejò pàtàkì, ṣé wàá kàn jókòó kawọ́ gbera? Wàá gbálẹ̀, wàá fọ kọ́tìnì. Ẹni tó o bá ń bá jà, wàá lọ parí ẹ̀. Gbogbo ìyẹn ò ní kí àlejò yára dé o. Ìwọ lò ń múra."

"Ìwọ alára ńkọ́? Kí lò ń dúró dè?"

Olútóyìn gbé fóònù sí etí kejì. "Mò ń dúró kí n wò ó bóyá ìwọ náà máa lọ."

"Tóyìn, mi ò lọ síbì kankan."

Gideon náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, fóònù kan náà sì ni Olútóyìn fi gbọ́ ọ. Ó ní ó dàárọ̀, ṣùgbọ́n oorun ò tètè kùn ún.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, Ilésanmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n tan àbẹ́là méjì. Alùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ni iná lọ, ni ìnfátà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké: pí, pí, pí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn níbi tí Ilésanmí wà gan-an ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Wáyà kan ló ti dẹ̀, Ilésanmí ń wò ó lójú korokoro. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Àwọn ènìyàn ń yíjú wẹ̀yìn, ìnfátà ń ké, Ilésanmí ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn. Òógùn bò ó. Nígbà tí Olútóyìn wẹ̀yìn tó rí i bó ṣe ń fi eyín jẹ ètè, ó ní láti fi ìwé orin bojú kí ìjọ má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí nǹkan yìí fi ké.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ọláyíwọlá pe Àǹtí Tòún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ iná lẹ ní ọmọkùnrin yẹn ń ṣe ni? Kí ló dé tó jẹ́ kí nǹkan yẹn ké mọ́ wa lórí?"

"Bàbá Tóyìn, ẹ̀yin lẹ ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Bàbá rò ó díẹ̀. "Sọ fún un pé ó lè fọwọ́ kan ìnfátà." Ó ti ń lọ kí ó tó yíjú padà. "Ìnfátà nìkan o."

Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn mọ́ Olútóyìn. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ń kó ìrẹsì àti gàrí jọ fún àwọn opó, ó ń bá wọn wọ̀n ọ́n, ó ń kọrin. Àǹtí Tòún ní òun ò tíì gbọ́ kí ó kọrin láti ọdún mẹ́fà. Ó ní kí ó rọra, kó má lọ fi ohùn rẹ̀ ta ìrẹsì dànù.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni ọjọ́ ayọ̀, ọjọ́ àbẹ́là píǹkì. Olútóyìn wọ búláòsì píǹkì lọ. Ó wẹ̀yìn nígbà orin àkọ́kọ́, kò rí Ilésanmí. Ó wẹ̀yìn nígbà ẹ̀kọ́ kìíní àti nígbà ẹ̀kọ́ kejì. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣófo. Lẹ́yìn ìsìn, ó pè é, fóònù ò lọ. Ó pè é lọ́sàn-án, kò lọ. Ó pè é ní ìrọ̀lẹ́, ohùn obìnrin inú fóònù tún sọ ohun tó ti ń sọ láti àárọ̀.

Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Báyìí ni ti Gideon ṣe bẹ̀rẹ̀, fóònù tí kò lọ ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń bá ara rẹ̀ wí pé, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ojú ẹ ò rí irú ẹ̀ rí ni?" Ó bọ́ búláòsì píǹkì náà, ó ká a, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí. Ó dùn ún débi pé kò lè sunkún.

Nígbà tí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, kò jẹun. Bàbá Ọláyíwọlá tó ti wẹ̀yìn wo bẹ́ǹṣì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, tó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun, kò pa òwe kankan. Ó mú ẹran inú àwo tirẹ̀, ó fi sínú àwo ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló wá mú omi bọ́ lójú Olútóyìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí Olútóyìn tó jáde lọ síbi iṣẹ́, Àǹtí Tòún ti dé, ó ń mí hẹlẹ. "Ilésanmí wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun ò lè wá síbí, torí Bàbá ní ẹ ò gbọdọ̀ ríra níta ṣọ́ọ̀ṣì. Láti aago mẹ́fà ló ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ibo ló wà lánàá?" Olútóyìn béèrè. Ohùn rẹ̀ gbẹ.

"Pápákọ̀ òfurufú. Alẹ́ ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ bàálù, ni wọ́n bá yí i padà sí àárọ̀ àná. Wọ́n sáré lọ. Ó fi fóònù rẹ̀ sínú báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó lè ráyè gbẹ́rù. Ìgbà tó délé ló rántí. Fóònù ti wà lójú ọ̀run nígbà yẹn, ó ń lọ sí Kánádà."

Olútóyìn jókòó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín àti ẹkún náà kò tíì tán nígbà tí Bàbá Ọláyíwọlá jáde láti inú yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

Àǹtí Tòún yíjú sí i. Inú ti ń bí i díẹ̀, kò sì bò ó. "Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ, Bàbá Tóyìn. Ọmọ náà ò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹ̀gbọ́n yẹn ló yẹ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ó dé láti òkè òkun nítorí ẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró, ó ti padà lọ lánàá."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ilésanmí ní ká má sọ. Ó ní òun ti tan àbẹ́là yín kó tó tó àkókò lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní tan ìkejì."

Bàbá dúró níbẹ̀. Ó ṣí ẹnu bíi pé òwe kan ń bọ̀, òwe náà kò dé. Ó padà sínú yàrá, kò sì jáde títí Olútóyìn fi lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Olútóyìn irú oúnjẹ tí àwọn ẹbí Ilésanmí ń jẹ. Ó ní kí wọ́n kun ògiri pálọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kẹrin, àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn, alùfáà súre, ìjọ ń tú ká. Bàbá wọ́dìn gbé ọ̀pá rẹ̀ kọ́, ó gba àárín àga lọ tààrà sẹ́yìn. Olútóyìn àti Àǹtí Tòún tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, kí àwọn ẹbí rẹ wá lọ́la. Ẹ má wulẹ̀ dúró de ọjọ́ kejì Kérésì mọ́."

Ilésanmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ǹṣì. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí Kérésì dé. Ẹ jẹ́ n dúró dé òpin."

"Mo ti ní kí ẹ wá."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì Kérésì. Ó máa bá wa jókòó lórí fóònù. Fóònù mi náà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní òun ló máa fi pè yín."

Bàbá wò ó. "Ta ló kọ́ ọ ní sùúrù báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Àǹtí Tòún bú sẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ní ti Olútóyìn, ó ṣe é bíi kí ó fa àwọn méjèèjì létí. Òun ni wọ́n ń dúró nítorí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi òun bóyá ọjọ́ mẹ́rin pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ilésanmí dìde tó sì wò ó, ó mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá nìkan ni ó ń dá lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí, pé òun ò lọ síbì kankan, ló ń parí.

Láàárọ̀ Kérésì, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró sí ojú fèrèsé. Ọyẹ́ ò ràn wọ́n, ooru èrò mú, wọ́n tan fáànù dé òpin. Aṣọ funfun ti rọ́pò aṣọ àlùkò lórí pẹpẹ. Àwọn akọrin dúró, wọ́n ń retí kí wọ́n tan àbẹ́là àárín kí orin lè bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọláyíwọlá mú páálí ìṣáná lórí tábìlì. Ó yíjú sí ìjọ, ó na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

"Ilésanmí, máa bọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa pè é lórúkọ. Ilésanmí rìn wá síwájú, ó gba ìṣáná náà pẹ̀lú ọwọ́ méjì, kò sì ṣá a.

"Ṣé ó ti tó àkókò, sà?"

"Ó ti tó."

Ó ṣáná, ó kàn án mọ́ àbẹ́là. Iná mú. Kí àwọn akọrin tó mí sínú, fáànù fẹ́ ẹ pa.

Ilésanmí wo ilẹ̀. Bàbá Ọláyíwọlá gbójú sókè, ó wo fáànù náà títí, bíi tíṣà tó mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fọkàn tán níbi tó ti ń jí ìwé wò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ alùfáà.

"Má bínú, ọmọ mi," Bàbá wí. "Ó ń pa á lóòótọ́."

Ó gbé ọ̀pá wọ́dìn rẹ̀ ti ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo àbẹ́là náà. "Ṣá òmíràn." Ilésanmí ṣá òmíràn. Olútóyìn jókòó nínú búláòsì píǹkì rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì tó yí iná kékeré náà ká. Iná náà dúró, Olútóyìn kò sì bẹ̀rù mọ́ pé ẹnikẹ́ni máa lọ.